Sítíárìn 80 mi ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú, mo ti pààrọ̀ dámpà kò gbọ́

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin80

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Land Cruiser 80 ni mò ń wà, ti 1994, ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì. Lọ́dún tó kọjá mo gbé e sókè íǹsì 2, mo fi táyà íǹsì 33 sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí mo bá wà lórí 80 sí 90 km/h tí táyà iwájú wá bọ́ sí kòtò kékeré báyìí, sítíárìn á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kì í ṣe gbígbọ̀n tí èèyàn ń fojú fò o, odidi mọ́tò ló ń jó, gbogbo nǹkan tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ró wọnjanwọnjan, ọwọ́ mi méjèèjì ò ká a, kò sì ní dáwọ́ dúró àfi tí eré bá já wálẹ̀ dé bíi 40. Ìyàwó mi ti ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Mẹkáníìkì mi ní dámpà sítíárìn, ìyẹn ọ̀pá tó ń gba gbígbọ̀n sítíárìn, ló kú. A ra tuntun, ó dáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún padà, ó tiẹ̀ wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Báyìí ó ní kí n lọ ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti ṣe báláǹsì lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni kí n ṣe?

Táyàńlá

Bọ̀ọ̀dá, báláǹsì ni o jàre. Táyà 33 wúwo, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lè báláǹsì ẹ̀ dáadáa. Tèmi náà gbọ̀n bẹ́ẹ̀, wọ́n lẹ òjé méjì mọ́ rímù, ó parí. Gbé e lọ síbòmíràn.

BàbáGíríìsì

Táyàńlá má bínú, tiẹ̀ kọ́ ni tèèyàn yìí. Ẹ jẹ́ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀ torí ibẹ̀ gan-an lowó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Táyà tí báláǹsì ẹ̀ ò dáa ní iye eré tó ti máa ń gbọ̀n, ká ní 90, tó o bá kọjá 105 á tún fúyẹ́, ọ̀nà ì báà dán bíi dígí á gbọ̀n náà ni. Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin sọ pé táyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí kòtò kó tó bẹ̀rẹ̀, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ kì í dúró títí eré á fi já. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní death wobble. Gbogbo mọ́tò tí áàsù iwájú ẹ̀ jẹ́ odidi irin kan láti táyà dé táyà ló lè ṣe é, Wrangler, Patrol, Defender, 80, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Táyà ọ̀tún àti tòsì so mọ́ra wọn. Tí nǹkan kan bá ti tú díẹ̀ níbì kan, kòtò á ti ọ̀kan, ìyẹn á ti èkejì, èkejì á dá a padà, bí ìgbà tèèyàn bá ń ti ọmọ lórí jáńgírọ́fà, gbogbo títì ló ń fi kún un. Dámpà kọ́ ló ń di táyà mú o. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa gba jíjà kékeèké kó má dé ọwọ́ ẹ. Tó o bá fi tuntun síbẹ̀ tí gbígbọ̀n lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àìsàn ò lọ síbì kankan, aṣọ lo fi bò ó, ohun tó tú sì ń tú sí i lábẹ́ aṣọ. Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ ń pa làpálàpá.

Má ra ṣọ́ọ̀kì. Má ra nǹkan kan rárá. Wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí mọ́tò dúró lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fa hándì bíréèkì, fi òkúta di táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Má jáàkì í o, torí tí ìwúwo bá kúrò lórí áàsù, ohun tó tú lè ṣe bí ẹni pé kò tú. Yọ dámpà kúrò pátápátá. Sítáàtì ẹ́ńjìnnì kí agbára sítíárìn lè ṣiṣẹ́, kẹ́nì kan jókòó sínú kó máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì kíákíá, kò gbọdọ̀ jù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ lápá kọ̀ọ̀kan. Ìwọ á dùbúlẹ̀ níwájú, wàá máa wo ojúkò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ̀rẹ̀ látibi àpótí sítíárìn, wò ó bóyá bóòtì tó dè é mọ́ ṣáásì ń mì, tẹ̀ lé ọ̀pá tó jáde láti ibẹ̀ dé táì rọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀, wo orí ẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà kó o wá lọ sídìí panhard rod, ìyẹn ọ̀pá tó dábùú láti ṣáásì lọ sára áàsù, òun ni kì í jẹ́ kí áàsù rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Má kàn wò ó lójú nìkan, gbé ọwọ́ lé e kó jẹ́ pé ìdajì wà lára irin kan ìdajì lára èkejì, ọwọ́ máa ń mọ ohun tójú ò rí. Ṣùgbọ́n ìka ò gbọdọ̀ wọ àárín irin méjì.

Èyí tó bá ń mì kí táyà tó yí, òun nìyẹn.

ÌyáSpánà

Baba ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n 80 ní nǹkan kan tí Wrangler ò ní. Kò sí ball joint, ìyẹn ojúkò olórí róbótó tí táyà fi ń yà, níwájú ẹ̀. Bíárìn méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, ni knuckle, ìyẹn irin tí wíìlì dúró lé lẹ́nu áàsù, fi ń yí, àwọn náà máa ń tú. Tó o bá parí èyí tí Baba wí, ìgbà náà lo máa tó jáàkì í, gbé áàsù lé sítáǹdì, di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, máa fà á máa tì í. Tó bá mì, pe ẹnì kan kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kó o tún fà á. Tí mímì yẹn bá pòórá nígbà tí wọ́n tẹ bíréèkì, bíárìn wíìlì ni. Tó bá ṣì ń mì, bíárìn knuckle ni. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, mi ò mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi máa ń fò ó.

Títí wàá fi tún un ṣe, tó bá tún bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà, má tẹ bíréèkì gbì. Di sítíárìn mú ṣinṣin, má bá a jà, yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tòtù, jẹ́ kó fúnra ẹ̀ já wálẹ̀. Àtàǹpàkò ẹ kó má wọ inú rìǹgì sítíárìn o, ó ti ṣẹ́ ti ẹnì kan lójú mi.

ìrìn_àjò4x4

Ẹ̀yin ò sọ̀rọ̀ caster, ìyẹn bí ibi tí táyà ti ń yà ṣe dà sẹ́yìn díẹ̀. Ó gbé e sókè íǹsì 2. Áàsù á yí síwájú díẹ̀, caster á dínkù, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Kó ra bọ́ṣì caster, ìyẹn rọ́bà oníirin tó ń dá caster padà, ó tán.

BàbáGíríìsì

O ò parọ́ pé caster dínkù. Lára 80 bí digírì kan ló ń lọ fún íǹsì kan tó o bá gbé e sókè, bẹ́ẹ̀ 3 ló wà níbẹ̀ láti iléeṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n caster tó dínkù á jẹ́ kí sítíárìn fúyẹ́ kó sì máa rìn gbéregbère, kò ní padà sáàárín fúnra ẹ̀ tó o bá yà tán. Tiẹ̀ ńkọ́? Ọdún kan ló ti gbé e sókè, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n? Tó bá jẹ́ caster nìkan, ọjọ́ tó kúrò ní gáréèjì ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin80

Oṣù méjì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sà. Kó tó dìgbà yẹn kò ṣe nǹkan kan. Á máa rìn gbéregbère díẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n mo ti ń bá a ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo máa wọ abẹ́ ẹ̀ lọ́la.

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin80

Ẹ̀yin àgbà, mo ti rí i!!!

Àbúrò mi ló bá mi yí sítíárìn. Àpótí ò mì. Táì rọ́ọ̀dù ò mì, àwọn orí ẹ̀ le. Nígbà tí mo dé ìdí panhard rod, apá tó so mọ́ áàsù, ìró kan ń dún kó, kó, kó, ní gbogbo ìgbà tó bá yí i. Mo gbé ọwọ́ lé e, bóòtì fúnra ẹ̀ ló ń rìn nínú ihò! Ó ń lọ ó ń bọ̀ bíi mílímítà 2. Mo nu ibẹ̀, ọ̀dà ti họ kúrò lára irin yípo orí bóòtì, ibẹ̀ ń dán bíi sílífà, ìpẹtà pupa kan wá dà bí àtíkè sísàlẹ̀ ẹ̀, mo sì ti ń rí àtíkè yẹn láti oṣù tó kọjá, mo rò pé iyẹ̀pẹ̀ ni.

Mo ṣe ti ÌyáSpánà náà. Táyà òsì mì díẹ̀, a tẹ bíréèkì, ó ṣì ń mì. Ọ̀tún ò mì rárá.

Ìbéèrè mìíràn, lára bọ́ọ̀lù knuckle òsì yẹn nǹkan kan ń jò, mo rò pé gíríìsì ni ṣùgbọ́n ó ṣàn ju gíríìsì lọ, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi wàrà tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí. Kí nìyẹn o?

Táyàńlá

Haaa. Mo gbà o. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Fún bóòtì yẹn, ṣé kó kàn gbé spánà gígùn kó fún un le ni?

BàbáGíríìsì

Rárá o. Kò sí ìfúnle tó máa tún ihò tó ti fẹ̀ ṣe. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé bóòtì á fún etí bírákẹ́ẹ̀tì méjèèjì mọ́ irin inú bọ́ṣì pinpin, wọ́n á di ọ̀kan, rọ́bà nìkan ni yóò máa yí. Ẹni tó yọ panhard rod nígbà tí wọ́n gbé e sókè kò fún un le tó, bóòtì wá ń rìn, irin ń jẹ irin, ihò tó yẹ kó jẹ́ róbótó ti di bí ẹyin. Tó o bá fún un le lónìí, á dáa fún ọ̀sẹ̀ kan, kòtò àkọ́kọ́ tó gbóná á tún tì í.

Ohun tí wàá ṣe: yọ bóòtì, wo ihò iwájú àti tẹ̀yìn, fi kálípà wọ̀n ọ́n lóròó àti ní ìbú. Wo bóòtì náà, tí ibi kan lára ẹ̀ bá ti rí bí ọrùn, sọ ọ́ nù. Wo rọ́bà bọ́ṣì, tó bá ti ya, ìgbà yìí ni wàá pààrọ̀ ẹ̀. Wá irin pẹlẹbẹ tó nípọn bí mílímítà 5 tàbí 6, gbẹ́ ihò sí i tó bá bóòtì tuntun mu rẹ́gí, kì í ṣe èyí tó fẹ̀ jù ú lọ o, fi bóòtì tò wọ́n sójú kan náà lára etí méjèèjì, kí wẹ́dà wá jó o pọ̀ yípo. Jẹ́ kó fi bóòtì àlòkù mìíràn tó tóbi bákan náà tò ó, kó má fi tuntun, torí iná.

Kó tó jó o, yọ wáyà òdì kúrò lórí bátìrì, kó gbé kílíǹpù ẹ̀ mọ́ áàsù nítòsí ibi tó ti fẹ́ jó, kó má jẹ́ pé inú bíárìn ni iná máa gbà kọjá. Fi aṣọ tútù bo rọ́bà bíréèkì, nu gíríìsì kúrò, kẹ́ni tó mú ẹ̀rọ ìpaná dání dúró tì í. Ó dà bí àṣejù lójú ẹlòmíì. Mo ti rí rọ́bà bíréèkì tó gbiná.

ÌyáSpánà

Kí n tó dá ẹ lóhùn lórí wàrà yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún ti Baba, torí mo rí èèyàn mẹ́ta tó ba bọ́ṣì tuntun jẹ́ nítorí ẹ̀. Tó o bá dá panhard rod padà, má fún bóòtì ẹ̀ le tán nígbà tí mọ́tò wà lórí sítáǹdì. Fi ọwọ́ dè é dúró, sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí táyà, mì í sókè sódò díẹ̀, ìgbà náà ni kó o wọ abẹ́ lọ fún un le dé iye tí ìwé mọ́tò kọ síbẹ̀. Rọ́bà bọ́ṣì ti lẹ̀ mọ́ irin inú ẹ̀. Tó o bá fún un nígbà tí áàsù ń fì, ọjọ́ tó bá sọ̀kalẹ̀ rọ́bà ti lọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ́ kiri títí tó fi máa ya. Lẹ́yìn bíi 500 km, tún spánà ẹ̀ wò.

Ó yá, wàrà. Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lo la omi kọjá gbẹ̀yìn?

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin80

Ẹ̀ẹ̀mẹta bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Omi odò ni, ó dé ibi tí wíìlì pin, mo ti wakọ̀ bíi wákàtí méjì kí n tó débẹ̀. Mo dúró sínú ẹ̀ díẹ̀ ká lè ya fọ́tò 😅

ÌyáSpánà

Fọ́tò ló fà á.

Wò ó, áàsù tó ti rìn wákàtí méjì gbóná, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ gbóná. O ki í bọ inú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ súnkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò kékeré kan wà lórí áàsù tó ń gbà mí, ṣùgbọ́n tí ẹrẹ̀ bá ti dí i, kò ríbi mí, á wá fi agbára fa ohun tó bá wà nítòsí wọlé láti ojú síìlì. Omi ló sì wà nítòsí. Ọ́ìlì pẹ̀lú omi tí gíà pò pọ̀, òun ni wàrà tó o rí. Tiẹ̀ tún jò jáde níbi knuckle, ìyẹn ni pé síìlì inú, tó wà níbi tí áàsù ti wọ bọ́ọ̀lù, ti lọ, ọ́ìlì dífù, ìyẹn àpótí gíà inú áàsù, ń ṣàn wọlé bá gíríìsì CV joint, ojúkò tó ń gbé agbára dé táyà nígbà tó bá yà. Bíárìn knuckle òsì tó ń mì, mo lè fi spánà mi kan búra pé ó ti dípẹtà. Baba rí ọ̀kan, èmi rí ọ̀kan, kòtò kan náà ló ń pe àwọn méjèèjì jáde.

Tú bóòtì ọ́ìlì dífù lẹ́yìn tí mọ́tò ti sùn mọ́jú. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, òun ló máa kọ́kọ́ jáde. Kọ́kọ́ tú bóòtì ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ o, kó o tó tú èyí tí wọ́n fi ń dà á nù. Tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ lo kọ́kọ́ tú, tí tòkè wá kọ̀ jálẹ̀, mọ́tò ẹ ti dúró síbẹ̀ nìyẹn.

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin80

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an, bíi ife omi kan ló kọ́kọ́ jáde kí wàrà tó tẹ̀ lé e. Dífù ẹ̀yìn mọ́, ọpẹ́. Mo fi wáyà gún ihò tó ń gbà mí tiwájú, ẹrẹ̀ gbígbẹ ló kún inú ẹ̀, ó le bíi símẹ́ńtì.

ÌyáSpánà

Ó dáa. Ó di kó o tú knuckle òsì. Bíárìn méjèèjì tuntun pẹ̀lú ife wọn, ìyẹn irin róbótó tí wọ́n ń yí nínú ẹ̀, síìlì inú tuntun, kó gbogbo gíríìsì yẹn dà nù, fọ CV joint dáadáa, wo ojú àwọn bọ́ọ̀lù ẹ̀, tí ihò bá ti wà lára wọn á máa dún ká, ká, ká tó o bá yà délẹ̀. Àwọn irin tín-ínrín tó wà lókè àti nísàlẹ̀ knuckle, ìyẹn ṣímù, kọ nǹkan sí wọn lára kó o mọ èyí tó wá láti òkè, má pò wọ́n. Nígbà tó o bá tò ó, kó o tó fi síìlì ẹ̀yìn sí i àti kó o tó so táì rọ́ọ̀dù, fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹja kọ́ ihò táì rọ́ọ̀dù, fà á lọ́gbọọrọ. Kílò 3 sí 6 ló gbọ́dọ̀ tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tó bá kéré sí 3, yọ ṣímù kan. Tó bá ju 6, fi kan kún un.

Lẹ́yìn náà, fa rọ́bà oníhò láti ihò tó ń gbà mí lọ sókè síbi tí ẹ́ńjìnnì wà, nítòsí àpótí tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Má fà á le, torí áàsù máa ń sọ̀kalẹ̀ gan-an tí táyà kan bá wọ kòtò. Rọ ọ́ìlì tí kò wọ́n sínú dífù lákọ̀ọ́kọ́, wà á bíi 20 km, dà á nù, wò ó. Tó bá ṣì funfun, tún un ṣe. Ìgbà tó bá mọ́ tán ni wàá tó rọ ojúlówó ọ́ìlì gíà, èyí tí wọ́n kọ GL-5 sí lára.

ìrìn_àjò4x4

Caster ńkọ́?

BàbáGíríìsì

Ṣe é, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo èyí 😂 Bọ́ṣì caster á dá a padà, gbéregbère tó sọ yẹn á lọ. Mo ṣáà ní kì í ṣe òun lẹ máa kọ́kọ́ mú.

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin80

Mo ti padà dé o. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Bírákẹ́ẹ̀tì: ihò tẹ̀yìn fi mílímítà 3 gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Wẹ́dà jó irin mọ́ méjèèjì, bóòtì tuntun wọlé, mo ní láti fi ọwọ́ gbá a díẹ̀ kó tó wọ̀. Mo fún un le nígbà tó wà nílẹ̀ lórí táyà. Bíárìn knuckle ìsàlẹ̀ nígbà tí mo yọ ọ́, ìdajì ẹ̀ ti dípẹtà, tí mo bá fi ìka yí i á dúró á lọ, á dúró á lọ, àmì róbótó róbótó sì wà lára ife ẹ̀. Mo kọ́kọ́ tò ó, òṣùwọ̀n sọ 2, mo yọ ṣímù kan, ó di 4 àtààbọ̀. Dífù gba ọ́ìlì ẹ̀ẹ̀mejì kó tó mọ́. Mo gba kòtò tó máa ń ṣe é yẹn kọjá lórí 90, ẹ̀ẹ̀mẹrin, láìsí dámpà lára ẹ̀ rárá, nítorí mo fẹ́ mọ̀. Kò ṣe nǹkan kan!

Mo dá dámpà padà nísinsìnyí. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ní kí n rà, kò sí nǹkan tó ṣe wọn.

Ó ku kan ṣoṣo, sítíárìn ti yí sósì díẹ̀ nígbà tí mọ́tò ń lọ tààrà. Ṣé kí n yí táì rọ́ọ̀dù?

ÌyáSpánà

Má fọwọ́ kan táì rọ́ọ̀dù, òun ló di bí táyà méjèèjì ṣe dojú kọra wọn mú, tó o bá yí i táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Drag link ni wàá yí, ìyẹn èyí tó wá láti àpótí sítíárìn. Panhard rod ò gùn sí i nígbà tó o gbé mọ́tò sókè, ó fa áàsù sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, nígbà tí bóòtì ń rìn nínú ihò ó fi í pa mọ́ fún ẹ ni. Tú kílíǹpù méjèèjì, yí ọ̀pá náà bíi ìdajì, wà á, wò ó, tún yí i. Má gbàgbé láti fún kílíǹpù padà.

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin80

Ìyípo kan ó lé díẹ̀ ló gbà, ó ti dúró gbọingbọin. Ìyàwó mi wọ̀ ọ́ lánàá. Ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú títí a fi délé, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́.